Kò sẹ́ni tó jí orí ọmọ mi: èsì sí lẹ́tà bàbá kan lórí ẹ̀rọ MRI

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àforítì ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde lédè wa. Fisíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbí ní Òṣogbo títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìwé ìròyìn yín ni mo sì máa ń rà ní Ọláìyá kí n tó wọ ọjà Ìgbọ̀nà. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín nípa ẹ̀rọ MRI ni mo fẹ́ fèsì sí. Bàbá ní kí òbí kankan má ṣe yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ fún àwọn oníwádìí tó ń fi ẹ̀rọ náà ya àwòrán ọpọlọ, pàápàá ọmọ tí ara rẹ̀ le. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń se ọpọlọ. Wọ́n ní orí ẹni kì í ṣe ohun tí à ń yà sórí kọ̀ǹpútà, pé ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ àjèjì ti fi kádàrá rẹ̀ dógò. Wọ́n tún ní àwọn oníwádìí á kó àwòrán wa lọ sókè òkun, a ò sì ní gbúròó wọn mọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá. Èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn yẹn, òótọ́ wà nínú rẹ̀, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tó ṣáájú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìyá kan tó bí irú ọmọ tí mo bí á ka lẹ́tà yẹn, á sì jókòó sílé.

Ìbejì ni mo bí. Táíwò jẹ́ AS, Kẹ́hìndé jẹ́ SS, nítorí AS lèmi àti bàbá wọn. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde nílé mọ bí ilé wa ṣe rí: igbe egungun lóru, omi tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ibùsùn nígbà gbogbo, ẹyinjú tí à ń yẹ̀ wò láràárọ̀ bóyá ó ti ń pọ́n. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ kò ṣe Kẹ́hìndé rí. Ẹnu rẹ̀ kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá rẹ̀ kò rọ, kì í wọ́ ẹsẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ tó máa ń bá Táíwò du ipò kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an kó tó ti yàrá dé ilé ìdáná. Tó bá ń ṣe ìṣirò, á ṣe é dé ìdajì, á wá máa wo ìwé bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kan pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, eré ló pọ̀ jù. Dókítà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìbàdàn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mi délẹ̀, tó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká wo inú ọpọlọ rẹ̀."

A kúrò ní Old Garage kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Gbọ̀ngán, a gba Ìkirè. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà tán, dókítà gbé e sójú iná, ó fi ìka hàn mí: ojú àpá funfun kéékèèké, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níwájú ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí kì í ká apá kò, tí kì í sì í dá ẹsẹ̀ dúró. Ibi tí èèyàn fi ń ronú, tó fi ń to nǹkan tẹ̀ léra, ló ti ń ṣọṣẹ́. Ojú kò lè rí i láti ìta, X-ray lásán kò sì lè rí i. Ọmọ mi kì í ṣe olódo. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Báwo ni dókítà yẹn ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí òun wo ọpọlọ ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí bàbá fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn oníwádìí lókè òkun ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI ya ọpọlọ àwọn ọmọ SS tó ń sáré, tó ń ṣeré, tí ẹnikẹ́ni kò rò pé nǹkan kan ṣe orí wọn. Wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ tó ní àìsàn yìí, bíi 39 ló máa ń ní irú àpá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọmọ 196 tí wọ́n ti rí àpá yìí nínú ọpọlọ wọn jọ, ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ìlú Ọba àti Faransé. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kan nínú wọn lára lóṣooṣù, wọ́n ń tọ́jú àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń padà fi MRI wo gbogbo wọn. Èsì jáde lọ́dún 2014. Láàárín àwọn tí kò gba ẹ̀jẹ̀, 14 nínú 100 ni rọpárọsẹ̀ bá tàbí tí àpá ọpọlọ wọn pọ̀ sí i. Láàárín àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀, 6 nínú 100 ni. Tí a bá yọ ẹ̀rọ náà kúrò, ta ló máa rí àpá tí kò fa ẹkún, tí kò fa ìṣubú?

Àwọn òbí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fọwọ́ síwèé. Wọn ò mọ̀ mí, wọn ò sì gbọ́ orúkọ Òṣogbo rí. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda ni dókítà Ìbàdàn fi tọ́jú ọmọ mi. Lónìí Kẹ́hìndé ń lo oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea lójoojúmọ́, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà tó bá yẹ, ilé ìwé rẹ̀ tuntun sì ń fún un ní àfikún àkókò nígbà ìdánwò.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, àwọn oníwádìí kan níbẹ̀ bi mí bóyá màá gbà kí wọ́n ya Táíwò náà. Táíwò kò ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìpàdé ẹbí sílẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ṣé mo fẹ́ kó méjèèjì wọ inú rẹ̀ ni, ẹnìkan kò tó? Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ bi àwọn àgbà léèrè kí n tó fi orí èjìrẹ́ ṣe ohunkóhun. Mo gbà pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Mo sì jókòó, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún bàbá báyìí.

Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ MRI. Tẹ́sílà ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Èyí tó jẹ́ 1.5 tẹ́sílà, irú èyí tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn, agbára rẹ̀ ju ti òòfà ayé tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20,000. Omi ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ara wa, bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Háídírójìn wà nínú gbogbo omi, ẹyọ bíńtín kan tí à ń pè ní prótọ́ọ̀nù sì wà láàárín átọ́ọ̀mù háídírójìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí òkòtó tí à ń ta lórí ilẹ̀ títẹ́ nígbà èwe. Tó bá ń yí geere, tí ẹ fi ìka tọ́ ọ díẹ̀, kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń fì ni, orí rẹ̀ á máa yí po bí ìdí rẹ̀ ṣe ń yí. Nínú òòfà ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn prótọ́ọ̀nù ṣe ń fì, ìgbì rédíò sì ni ìka tó ń tọ́ wọn. Mo ti ta òkòtó lórí tábìlì kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo tí wọ́n ti di ẹnìjínìà lónìí, kò sí èyí tí kò yé nínú wọn.

Nínú òòfà 1.5 tẹ́sílà, ìgbì tó bá ìfì wọn mu máa ń gbọ̀n bíi mílíọ̀nù 64 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yẹn kò tó ti Rave FM tí à ń yí sí 91.7, ìyẹn mílíọ̀nù 91.7 ìgbà, ní Òṣogbo níbí láti gbọ́ ìròyìn. Nígbà tí ìgbì náà bá dá, àwọn prótọ́ọ̀nù á máa padà sípò wọn, bí wọ́n ṣe ń padà ni wọ́n ń fọhùn, wáyà tó wà nínú ohun tí wọ́n fi bo orí ọmọ á sì gba ohùn náà. Omi inú ọpọlọ tó dá, omi ibi tó wú, omi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ́n, ọ̀rá: kò sí èyí tó ń padà ní ìwọ̀n àkókò kan náà pẹ̀lú èkejì. Ìyàtọ̀ àkókò yẹn ló di dúdú àti funfun lórí àwòrán. Ọdún 1971 ni Raymond Damadian fi hàn lára àwọn eku pé ohùn tó ń jáde láti ara jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti ẹran ara tó dá. Ní 1973, Paul Lauterbur rí bí èèyàn ṣe lè mú kí òòfà náà le sí i lápá kan ju apá kejì lọ, kí ibi kọ̀ọ̀kan lè máa dáhùn pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ohùn ti wá. Peter Mansfield ní Nottingham fi ìṣirò mú iṣẹ́ náà yá. Lauterbur àti Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2003. Nígbà tí Damadian àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ya inú àyà èèyàn lọ́dún 1977, ó gbà wọ́n tó wákàtí márùn-ún, àwòrán náà kò sì mọ́lẹ̀ rárá.

Ṣé ó ń se ọpọlọ? Mi ò ní purọ́ fún bàbá pé kò sí ooru kankan. Ìgbì rédíò lè mú ara móoru díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé Kẹ́hìndé sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó gbé e wọlé: ẹ̀rọ náà máa ń fi ìwọ̀n ara ṣírò agbára ìgbì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, tó bá sì fẹ́ kọjá, kò ní ṣiṣẹ́. Kò sí ìtànṣán irú ti X-ray tàbí ti CT níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí àwọn oníwádìí fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọdé, nítorí a lè ya ọmọ kan náà lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́dún mẹ́ta sí i, ká sì rí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà.

Ohun tó léwu níbẹ̀ ni irin, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀rù máa ba òbí. Òòfà náà kì í sùn. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀, ó ń fa irin. Lọ́dún 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, ẹnìkan gbé àgbá ọ́síjìn onírin wọ yàrá náà, òòfà já a gbà, ó sì pa ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀rọ. Nílé tiwa níbí, ẹ wo ohun tó wà lára wa: ońdè tí a fi irin há inú rẹ̀, òrùka, ṣaworo ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ, píìnì abẹ́ gèlè, irin tí wọ́n fi to egungun ẹni tí ọ̀kadà gbá. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá bi yín, ẹ má ṣe tijú. Ìyá kan ń fi ońdè ọmọ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìró lójú mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ ọ́. Inú mi dùn sí ọmọkùnrin yẹn. Òun ló mọ iṣẹ́.

Ní ti orí. Ọmọ Òṣogbo lèmi náà, mo mọ ohun tí orí jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n omi àti ọ̀rá inú agbárí ni ẹ̀rọ ń yà. Orí tí ẹ̀dá yàn kó tó délé ayé, tí à ń bọ, tí à ń bẹ̀, kò sí nínú omi yẹn, kò sì sí òòfà tó lè fà á. Ohun kan wà nínú àníyàn bàbá tó tọ́ síbẹ̀síbẹ̀: kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán MRI orí to ojú èèyàn padà débi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi dá a mọ̀. Nítorí náà, oníwádìí tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń pa ibi ojú rẹ́ kúrò lára àwòrán, á yọ orúkọ, kó tó pín in fún ẹlòmíì. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe é.

Kí ló dé tí wọ́n fi nílò Táíwò? Ìdáhùn yìí wú mi lórí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ní 1936, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì méjì ní Amẹ́ríkà, Linus Pauling àti Charles Coryell, rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti ẹ̀jẹ̀ tó ti já ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀ kì í hu ìwà kan náà síwájú òòfà. Pauling yìí kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn lọ́dún 1949 pé inú èròjà pupa ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn SS ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1990, Seiji Ogawa àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lo ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí Pauling rí yẹn, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé MRI lè fi ẹ̀jẹ̀ tọpa iṣẹ́ ọpọlọ, láìfi abẹ́rẹ́ kan ara. Olùkọ́ fisíìsì tó bí ọmọ SS ni mí. Ẹ fojú inú wo bí ó ṣe rí lára mi pé orí ọ̀nà kan náà ni ìwádìí òòfà àti ìwádìí àìsàn ọmọ mi ti pàdé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó jáde lẹ́yìn náà. Wọ́n á fi ìgbì rédíò sàmì sí omi inú ẹ̀jẹ̀ níbi ọrùn, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá ya ọpọlọ láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ti gòkè débẹ̀. Nípa ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lọ sí ọpọlọ ọmọ SS sábà máa ń pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbé ọ́síjìn tó, nítorí náà ara ń ti púpọ̀ sí i gòkè láti fi dí àlàfo. Nígbà tó bá di pé kò lè ti púpọ̀ sí i mọ́, ewu dé. Ṣùgbọ́n "pọ̀ ju" yẹn, ju ta ni? Ó ní láti jẹ́ ọmọ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí wọ́n jọ ń mu omi kan náà, tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé kan náà. Táíwò nìyẹn. Kò sí ẹlòmíì láyé tó lè ṣe òṣùwọ̀n Kẹ́hìndé tó ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú ikùn kan. Mo bi Táíwò fúnra rẹ̀. Ó ní tó bá máa ran Kẹ́hìndé lọ́wọ́, òun á wọlé, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kóun máa gbọ́ ohùn mi. Mo dúró nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀, a ti bọ́ gbogbo irin lára èmi náà, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí ariwo ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Àwa tí à ń bímọ jù lọ ní ìbejì láyé, tí à ń bí ọmọ SS púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí inú ilé wa ni wọ́n ti máa wá mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ wá wo bó ṣe rí. Àwòrán ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ oníwádìí ń lò bí òṣùwọ̀n, orí ènìyàn 152 tí wọ́n yà ní Montreal, ní Kánádà, ni wọ́n fi ṣe é. Ní Ìlú Ọba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014 láti ya inú ara èèyàn 100,000, aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí dókítà bá ní ọpọlọ ọmọ mi kéré tàbí ó tóbi, òṣùwọ̀n àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń lò.

Bẹ́ẹ̀ ìwádìí lára Yorùbá ti so èso rí. Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, láti mọ àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì sì bá a lọ. Èsì tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, àrùn Alzheimer, irú kan nínú àrùn ìgbàgbé yẹn, tuntun tó ń mú wọn lọ́dún jẹ́ 2.52 ní Indianapolis, ó sì jẹ́ 1.15 ní Ìbàdàn. Gbogbo ayé ló fetí sí i. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ìbéèrè lédè Yorùbá. Ẹ rò ó wò ká ní a lè ya ọpọlọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ìyá àgbà yẹn, ká sì máa tọpa wọn lọ́dọọdún. Kí ló ń dáàbò bo iyè wọn? Oúnjẹ ni? Ìrìn ni? Ẹ̀jẹ̀ ni? Inú mi máa ń ru tí mo bá rántí pé ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ wọ́n wa. Dókítà Godwin Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀rọ MRI tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èsì wọn jáde lọ́dún 2018: 84 ni wọ́n rí fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370, Nàìjíríà ló ni 58 nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni agbára òòfà wọn kéré. Àwọn aláìsàn tó ń dúró lórí ìlà pọ̀ débi pé oníwádìí kò lè rí àyè fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá, àfi lóru tàbí lọ́jọ́ ìsinmi. Àwọn òòfà tó lágbára tún nílò hílíọ́ọ̀mù, gáàsì tí wọ́n sọ di olómi, tó tutù dé −269°C, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù kò sì gbọ́dọ̀ sùn. Ẹni tó mọ iná ìlú wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lówó epo dísẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n fi èyí dí wa lẹ́nu. Ní Mbarara, ní Uganda, àwọn onímọ̀ yunifásítì ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Netherlands àti Amẹ́ríkà to ẹ̀rọ MRI kékeré kan jọ níbẹ̀ lọ́dún 2022. Òòfà rẹ̀ jẹ́ bíi 0.05 tẹ́sílà, kò nílò hílíọ́ọ̀mù, nítorí àwọn ọmọ tí omi kún ọpọlọ wọn ni wọ́n sì ṣe é. Johnes Obungoloch, ọmọ Uganda, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti ẹ̀rọ ńlá. Kò lè rí àpá kéékèèké irú ti Kẹ́hìndé dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe tò ó, tó bá bàjẹ́ wọ́n á lè tún un ṣe, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn sì ń rí inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, wọ́n ti kó àwòrán kókó inú ọpọlọ àwọn aláìsàn Nàìjíríà jọ sínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní BraTS-Africa, kí kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ bí a ṣe ń mọ kókó má bàa mọ ti òyìnbó nìkan. Ọmọ Nàìjíríà ni Udunna Anazodo tó wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà.

Mo wá dé ibi tí bàbá ti sọ òótọ́. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára wa, wọ́n ti gba itọ́, wọ́n ti bi wá ní ìbéèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ní Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gùn. Èmi lè kà á. Ìyá tó jókòó tì mí, tó wá láti Ìkirun, kò lè kà á, wọ́n sì ti ń na bírò sí i. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní kí ẹnìkan kà á fún wa lédè Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n sì jẹ́ ká bi ìbéèrè. Nọ́ọ̀sì kan ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èèyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbà á nínú ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé fún un. Àlàyé lédè tí èèyàn kò gbọ́ kì í ṣe àlàyé.

Kí òbí bi wọ́n pé: ta ló máa tọ́jú àwòrán ọmọ mi, ibo ló máa wà? Ẹ ó yọ orúkọ àti ojú rẹ̀ kúrò? Tí ẹ bá rí nǹkan tí ẹ kò wá, bíi kókó, ẹ ó sọ fún mi, dókítà wo ni màá sì rí? Tí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́? Èsì ìwádìí yín, ìgbà wo ni ẹ máa padà wá sọ ọ́ fún wa, ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí lórí rédíò, lédè wa? Oníwádìí tí kò bá lè dáhùn, kí òbí dìde, kó máa lọ sílé rẹ̀. Mo fara mọ́ bàbá dé ibẹ̀. Èyí tó bá lè dáhùn, kí wọ́n gbà á láàyè, kí wọ́n sì gbà á tọkàntọkàn.

Olóòtú, ẹ bá mi gbé èyí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí ìlera ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn yunifásítì wa: nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ra ẹ̀rọ MRI, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rírà pé ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ jẹ́ ti ìwádìí, kí wọ́n rán àwọn ọmọ fisíìsì àti ẹnìjínìà wa lọ kọ́ àtúnṣe rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kí wọ́n sì ní ìwé ìfọwọ́sí lédè Yorùbá tí ìyá Ìkirun lè gbọ́ yé. Tí bàbá tó kọ lẹ́tà bá fẹ́ rí àwòrán ọpọlọ Kẹ́hìndé àti ti Táíwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ọmọ náà ti gbà, nọ́ńbà mi sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fún wọn. Ilé mi ní Alékùwódò kò le wá, màá sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Èmi ni tiyín,

Ìyá Ìbejì,
Olùkọ́ fisíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Alékùwódò, Òṣogbo.